Bí ẹ ṣe lè ṣe ọjọ́ ìrántí Rashidi Yekini nílùú yín láìná owó rẹpẹtẹ

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Àwọn ọ̀dọ́ kan lágbègbè wa, nílẹ̀ Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ń bèèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń ṣe ìrántí agbábọ́ọ̀lù tó ti kú bíi Rashidi Yekini, ṣé káwọn gba kánópì ni àbí káwọn se ìrẹsì, ta ló sì máa fún wọn lówó. Mo ní ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀ ná. Ẹni tí oúnjẹ bá ń wù, ìnáwó òkú kì í wọ́n nílẹ̀ Ọ̀kun ní Sátidé, kó lọ bá wọn jẹ níbẹ̀. Ohun tí Yekini ṣe lórí pápá ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ tí kò bá a láyé rí, kó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fojú ara rẹ̀ wò ó. Gbogbo ohun yòókù, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń tò.

Àwọn kan á ní kí ló kan ará Kàbà àti Ìsánlú nínú ọ̀rọ̀ Yekini, ṣebí Kàdúná ni wọ́n bí i sí, Ìrá ní Kwara nìdílé rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ẹ dá wọn lóhùn pé ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Kogi sílẹ̀, kó tó dìgbà yẹn Kwara kan náà làwa àtàwọn ará Ìrá jọ wà. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars n'Íbàdàn, tó bọ́ sí Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta, tó fi sọdá sí Africa Sports ní Abidjan, ọmọ ìpínlẹ̀ wa ni, ààlà tí ìjọba wá fà lẹ́yìn ò lè gbà á lọ́wọ́ wa o jàre.

Ọjọ́ wo lẹ máa mú?

Mẹ́ta ló wà. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012 ló kú n'Íbàdàn, ẹni ọdún 48. Ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1963 ni wọ́n bí i. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994 ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Bulgaria ní Dallas, ìyẹn góòlù àkọ́kọ́ tí Super Eagles ní nínú ife àgbáyé. Tèmi ni 21 oṣù kẹfà. Ọjọ́ ikú, àwọn ẹbí ló ni ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣàdúà wọn ní jẹ́jẹ́, àmọ́ ọjọ́ góòlù yẹn, gbogbo wa la ni ín. Òjò nìkan ni wàhálà rẹ̀, torí oṣù kẹfà kì í ṣe oṣù téèyàn ń fọwọ́ sọ̀yà lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ẹ bá ọ̀gá ilé-ìwé kan sọ̀rọ̀ pé kó yá yín ní gbọ̀ngàn tàbí kíláàsì ńlá kan, bí òjò bá dé kẹ́ ẹ kó wọlé. Tí ọjọ́ náà bá bọ́ sáàárín ọ̀sẹ̀, ẹ sún un sí Sátidé tó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kéde, ẹ lọ bèèrè láàfin àti ní ṣọ́ọ̀ṣì bóyá òkú ńlá kan wà lọ́jọ́ yẹn, torí bí òkú bàbá arúgbó kan bá bọ́ sí i, àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn gan-an ò ní wá.

Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tó wò ó

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kan ó kéré tán kó tó di ọjọ́ náà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1994 ti lé ní àádọ́ta báyìí, àwọn tó jẹ́ bàbá nígbà yẹn, àwa náà mọ̀ pé wọn ò pọ̀ mọ́. Ẹ lọ bá wọn nílé. Ẹ má pè wọ́n sórí pápá kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá na máìkì sí wọn lẹ́nu lójú èrò, "ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín" nìkan lẹ máa gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ sì gbàyè kẹ́ ẹ tó tan fóònù. Ẹ má bèèrè pé "Bàbá, báwo ni Yekini ṣe rí?" torí ìdáhùn rẹ̀ ò ju pé ó gbá bọ́ọ̀lù gan-an. Ẹ bèèrè ohun tó ṣeé fojú rí: ilé ta ni ẹ ti wò ó? Ta ló ni tẹlifíṣọ̀n yẹn, ṣé aláwọ̀ ni àbí dúdú àti funfun? Iná NEPA wà ni àbí bátìrì mọ́tò lẹ fi tàn án? Ta ló ń di áńtẹ́nà mú níta? Nígbà tí góòlù yẹn wọlé, kí lẹ ṣe? (Dallas ni wọ́n ti gbá a, ilẹ̀ ti ṣú tipẹ́ níbí, nítorí náà ẹ bèèrè ẹni tó fi ojú oorun wò ó àti ẹni tó sùn lọ tí wọ́n wá ń yọ ṣùtì sí lọ́jọ́ kejì.) Ẹni tó jẹ́ pé rédíò ló fi gbọ́ ọ, ẹ má fojú kéré rẹ̀ o, òun ló máa ń rántí ariwo ìta jù, torí kò rí nǹkan kan wò.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ èdè wọn. Bó jẹ́ Ọ̀wé ni, bó jẹ́ Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọrọ̀, bó ṣe wà lẹ́nu wọn ni kẹ́ ẹ gbà á, kí ọ̀mọ̀wé kankan má máa tún un ṣe sí Yorùbá ilé-ìwé. Ohùn yẹn fúnra rẹ̀ wà lára ohun tẹ́ ẹ̀ ń kó pamọ́.

Ní ti fóònù, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má bàa já a, ẹ gbé e súnmọ́ ẹnu wọn, bóyá lórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ má jókòó síbi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti ń ké tàbí abẹ́ páànù tí òjò ń lù. Kí ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà, torí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ẹ ò ní mọ ohùn ta lèwo mọ́. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kó o sórí nǹkan méjì ó kéré tán, fóònù kan àti kọ̀ǹpútà kan tàbí fláàṣì. Bí bàbá bá ní òun ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbé ohùn òun síta, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ṣáà máa dúpẹ́.

Ẹ wádìí ohun tẹ́ ẹ máa sọ

Nínú wa, ẹni tó wà níbi bọ́ọ̀lù kan ló ń parọ́ jù, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Ẹ ó gbọ́ pé ó gbá bọ́ọ̀lù tó fa àwọ̀n ya, pé ó gbá gólì kan títí tó fi dákú. Ẹ jẹ́ kí àgbà sọ ìyẹn bó ṣe wù wọ́n, ìtàn ni, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ máa kọ sára pátákó tàbí kí MC kà jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ti ọdún 1993. Nínú ife Áfíríkà ọdún 1994 ní Tùnísíà tí a gbà, góòlù 5 ló jẹ, kò sẹ́ni tó jẹ tó o níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, góòlù 21 ló jẹ fún Vitória de Setúbal ní líìgì Pọtugí, òun ló sì ṣáájú gbogbo wọn. Fún Nàìjíríà, góòlù 37 ló jẹ. Victor Osimhen tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles ń lé 37 yìí kíkankíkan, nítorí náà ẹ wo iye tí Osimhen ti jẹ láàárọ̀ ọjọ́ ìrántí gan-an kí MC tó la ẹnu, kí ọmọ kékeré kan má bàa já a lójú èrò.

Ọ̀rọ̀ bí ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ṣe rí, ẹ má gbé e wá o. Àhesọ pọ̀ níbẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà láyé, kò sì sí ohun tó fi kún góòlù kankan. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀, kí MC fọgbọ́n gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Fídíò

Ẹ wá fídíò ìdíje Bulgaria yẹn sórí fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù láti ilé. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Mopa tàbí Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò ṣú, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Ẹ bẹ ẹni tó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kó yá yín ní tẹlifíṣọ̀n ńlá tàbí prójẹ́kítọ̀, ẹ ra epo jẹnẹrétọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ rò lọ. Tó bá jẹ́ prójẹ́kítọ̀, aṣọ funfun kan tó gún dáadáa ti tó, àmọ́ ẹ dúró kí ilẹ̀ ṣú, bí oòrùn bá ṣì wà, òjìji lẹ máa máa wò.

Ẹ má fi góòlù nìkan hàn wọ́n. Ìṣẹ́jú 21 ni bọ́ọ̀lù yẹn wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bí ìṣẹ́jú 15 kí àwọn ọmọ rí bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń dá dúró láàárín àwọn olùgbèjà, kí wọ́n tó rí Finidi George tó gbé bọ́ọ̀lù wá láti apá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ẹ wá jẹ́ kí wọ́n rí i, bó ṣe wọ inú àwọ̀n lọ nínú aṣọ gíríìnì yẹn, tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, tó ń ké. Amokachi àti Amunike fi méjì kún un, ó di 3-0. Ẹ ṣàlàyé fáwọn ọmọ pé Bulgaria tí a nà yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ játijàti o, Stoichkov, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù wọn, wà nínú wọn, ipò kẹrin ni wọ́n sì gbà níkẹyìn nínú ife yẹn. Bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà bá fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lé e lórí bó ṣe ń lọ, ẹ rẹ ohùn fídíò sílẹ̀, tiwọn ló dùn jù.

Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀

Ẹ gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án kẹ́ ẹ tó wo fídíò. Mo ní àbá kan, lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà ni mo ti jí i. Wọ́n ní eré kan tí wọ́n ń pè ní baseball, igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1947 ni Jackie Robinson bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a fún Brooklyn Dodgers pẹ̀lú nọ́ńbà 42, nígbà tí wọn kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú sún mọ́ líìgì ńlá wọn. Ó kú ní 1972. Ní 1997 wọ́n ní kíláàbù kankan kò gbọdọ̀ fún agbábọ́ọ̀lù tuntun ní 42 mọ́, ṣùgbọ́n láti 2009, bí 15 oṣù kẹrin bá ti dé, gbogbo wọn pátá, àti kóòṣì, 42 ni wọ́n ń wọ̀. Ó wù mí púpọ̀. Nọ́ńbà 9 ni Yekini wọ̀ ní Dallas, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá gun orí pápá lọ́jọ́ yẹn wọ 9, àti gólì. Ẹ má ra jẹ́sì tuntun, ẹ gé 9 sára páálí, ẹ fi pénǹtì kùn ún sẹ́yìn síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ẹgbẹ́ kan funfun, èkejì àwọ̀ mìíràn. Rẹfurí á bínú pé òun ò mọ ẹni tóun ń fún ní káàdì, ẹ ní kó máa pe orúkọ, ìlú kékeré ni, ó mọ bàbá gbogbo wọn.

Àwọ̀n ńkọ́? Ọ̀pọ̀ pápá wa, igi méjì àti ọ̀pá kan lókè ni, nígbà míì okùn. Lọ́jọ́ yìí ẹ gbọ́dọ̀ wá àwọ̀n, torí gbogbo ọmọ tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé ló máa fẹ́ wọnú rẹ̀ lọ ké bíi Yekini, bí kò bá sí àwọ̀n, ibo ni yóò ki ọwọ́ bọ̀? Bẹ́ ẹ bá ní èèyàn ní Lọ́kọ́jà, kó bá yín bèèrè àwọ̀n tó ti gbó lọ́wọ́ àwọn apẹja etí odò, ẹ so ó mọ́ òpó gírígírí, ẹ fi òkúta tẹ ìsàlẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa kí ìwọ̀ má ṣẹ́ kù sára rẹ̀ o.

Àdúà, owó, àtàwọn tó fẹ́ gba ojú

Mùsùlùmí ni Yekini, nítorí náà kí ààfáà bẹ̀rẹ̀ àdúà, kí pásítọ̀ tẹ̀ lé e, kó má gùn, ilé kan náà làwọn méjèèjì máa ń ti jáde lọ́dọ̀ wa ṣáá. Mi ò fara mọ́ kí ilé-iṣẹ́ ọtí kankan gbé báńà wá síbi ìrántí ẹ̀. Kò sí aṣọ ẹbí. Kí kálukú mú ohun tó bá ní wá, ẹni tó ní ìjókòó, ẹni tó ní ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀, àwọn ìyá á sì gún iyán fáwọn àgbà tó wá sọ̀rọ̀, ìyẹn nìkan ni oúnjẹ tí mo gbà pé ẹ sè.

Olóṣèlú á fẹ́ fún yín lówó. Ẹ gbà á tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ jọ̀ọ́ kí fọ́tò rẹ̀ má tóbi ju ti Yekini lọ lórí báńà, kó tiẹ̀ má sí níbẹ̀ ló dára jù. Kí akọ̀wé yín kọ gbogbo kọ́bọ̀ tó wọlé àtèyí tó jáde, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lọ́jọ́ kejì.

Báńà yẹn náà, ẹ má kọ ọdún sí i. "Ọjọ́ Yekini" àti orúkọ ìlú yín ti tó. Ẹ ká a nílẹ̀ gbígbẹ, owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tẹ òmíràn ní ọdún tó ń bọ̀, bọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ fi rà fún ilé-ìwé tó yá yín ní gbọ̀ngàn.