Tí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ awọ ara ló ń ṣe ọkọ tàbí ìyàwó yín

Ẹ̀yin ará, kódà tí wọ́n bá tètè rí i, ẹ má sáré sọ fún un pé "kò tó nǹkan." Èmi sọ ọ́ fún ọkọ mi, ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ mú bírò àti ìwé dání, torí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ béèrè irú èyí tó jẹ́. Tó bá jẹ́ melanoma, ìyẹn irú tó lè tètè tàn káàkiri ara, ẹ bi wọ́n pé mìlímítà mélòó ló wọnú awọ lọ, àti bóyá wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kúrò tán.

Lóṣooṣù, ẹ bá a wo ibi tí ojú tirẹ̀ ò lè dé: ẹ̀yìn, agbárí, àtẹ́lẹsẹ̀. (Ọkọ mi á máa pariwo pé ọwọ́ mi tutù.) Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì tó bá ń kọ yín lóminú, kẹ́ ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ lè fi wé ti oṣù tó ń bọ̀. Tó bá ń tóbi, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un; ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà.