Bí ọmọ Yorùbá ṣe lè bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ èdè Kroatíà

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 2018, tí Kroatíà na Super Eagles ní 2-0 ní Kaliningrad, “Módíríìkì” ni àwa tá a wà nídìí tẹlifíṣọ̀n ń pe ẹni tó gba pẹnáritì wọlé. Modrić lorúkọ rẹ̀. Àmì kékeré tó wà lórí c yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, ibẹ̀ gan-an ni kí o sì ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́ mọ àwọn lẹ́tà wọn. Ọgbọ̀n ni wọ́n. Ljudevit Gaj, onímọ̀ èdè ọmọ Kroatíà, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1830, bí wọ́n bá sì ṣe kọ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é, bíi tiwa. Š ni ṣ wa: šuma ni igbó, suma ni àròpọ̀, nítorí náà kí ẹ̀yin tí ẹ ń pe iṣẹ́ ní “isẹ́” ṣọ́ra o! J wọn ni y wa. C jẹ́ t àti s tí a pè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Č àti ć jọ ìró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Chidi. Č ki díẹ̀, ć rọ̀, ahọ́n a sì tẹ́ síwájú. Kuca ni pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, kuća ni ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà ò ya č àti ć sọ́tọ̀, má jẹ́ kó kó ọ lọ́kàn sókè. Đ kò jìnnà sí j inú ajá.

Ž ni kò sí lọ́dọ̀ wa. Gbé ìka lé gògóńgò, fa ṣ gùn, “ṣṣṣ”. Má gbé ahọ́n kúrò, ṣáà jẹ́ kí gògóńgò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ. Ž nìyẹn. Báyìí náà ni o ṣe máa fa z yọ lára s, àti v lára f.

P wa ń dẹ́kùn múni. K àti p la ń pè pọ̀ nínú pápá, ètè nìkan ni tiwọn. Pet, márùn-ún, kò ní k kankan nínú. Bákan náà ni dan, ọjọ́: má fi imú pè é, pe a rẹ̀ kó mọ́, kí n tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sá ni ọ̀rọ̀ tí kò ní fáwẹ́lì. Krk ni erékùṣù kan nínú òkun Adriatic, trg ni gbàgede ìlú, prst ni ìka. Ẹnu wa á fẹ́ sọ ọ́ di “Kíríkì”, bí a ti sọ ti òyìnbó di búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n wo ń inú “mo ń lọ”: kò ní fáwẹ́lì, síbẹ̀ ó dá dúró, ó ní ohùn tirẹ̀. Iṣẹ́ tí r ń ṣe nínú Krk nìyẹn. Pe k, jẹ́ kí ahọ́n gbọ̀n lórí r, fi k dé e. Lẹ́yìn náà, gbìyànjú orúkọ orílẹ̀-èdè náà lẹ́nu wọn: Hr-vat-ska.

Ohùn ni kó kẹ́yìn, etí wa sì ti mọ irú rẹ̀. Ìró wọn ń gòkè tàbí kó máa wálẹ̀, ó sì lè gùn tàbí kó kúrú. Grad tó jẹ́ ìlú ńlá gùn, ó wálẹ̀ bí ìró inú “náà”. Grad tó jẹ́ yìnyín kúrú. Nínú glava, orí, sílébù àkọ́kọ́ gòkè bíi “yìí”. Inú atúmọ̀ èdè nìkan la sábà máa ń rí àmì tí wọ́n fi ń kọ ohùn wọ̀nyí, má sì fi ojú Yorùbá kà wọ́n: à níbẹ̀ kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀, ìró kúkúrú tó ń gòkè ni.

Gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ lórí fóònù bí o ṣe ń kíni: dobar dan (ẹ káàsán), hvala (ẹ ṣé), doviđenja (ó dàbọ̀). Tí ìyẹn bá ti yọ̀ lẹ́nu, kọjú sí četvrtak, Ọjọ́bọ̀. Č wà níbẹ̀, v wà níbẹ̀, r dá dúró láàárín, k sì parí rẹ̀ láìsí “ì” lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi lọ́ èmi lẹ́nu.