Bẹ́ ẹ ṣe lè to mẹ́sẹ́jì gúrúùpù àdúgbò yín kó má baà di rúdurùdu

Ẹ̀yin admin gúrúùpù àdúgbò lórí WhatsApp, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé wáyà iná ti já sílẹ̀, kí ojú tó mọ́ ọn, àdúrà òwúrọ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀wà àti fídíò olóṣèlú ti bò ó mọ́lẹ̀. Kí kálukú máa fi àmì, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tó ń sọ irú mẹ́sẹ́jì tó jẹ́, síwájú mẹ́sẹ́jì ẹ̀ ló máa ń tún un ṣe, àmọ́ ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, torí àmì wo gan-an?

Ẹ kọ́kọ́ padà sókè nínú gúrúùpù, kẹ́ ẹ ka mẹ́sẹ́jì ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wo irú èyí tó pọ̀ jù. Látibẹ̀ ẹ mú mẹ́rin péré. Tó bá ti di mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó máa rántí ẹ̀. Tèmi ni PAJAWIRI, OWO, IPADE, OJA, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ wọ́n lásán bẹ́ẹ̀ láìfi ohùn sí i ni, torí tí ẹnì kan bá ń kọ ỌJÀ, tẹ́nì kejì ń kọ OJA, ẹni tó bá ń wá a lọ́la lè má rí i.

Bàbá kan á ní kí iná ní tiẹ̀, omi ní tiẹ̀, ìdọ̀tí ní tiẹ̀. Ẹ má gbà. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa bi ara yín ni pé ẹni tó bá rí àmì yìí, kí ló máa ṣe? Wáyà tó já àtọmọ tó sọnù, àwọn méjèèjì ní kéèyàn dìde báyìí báyìí ni, PAJAWIRI ni wọ́n. Iná tí wọ́n mú lọ látàárọ̀ kì í ṣe pàjáwìrì o, gbogbo wa la jọ wà nínú òkùnkùn ọ̀hún.

Àwọn mí ì á ní ká kúkú pín gúrúùpù. Lóòótọ́, Community tó wà lórí WhatsApp máa ń kó gúrúùpù púpọ̀ sábẹ́ ẹyọ kan, ó sì dáa fún ẹ́sítéètì ńlá, àmọ́ tó bá jẹ́ àdúgbò kékeré, kí ọ̀sẹ̀ tó parí wọ́n á ti mute ìdajì ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa yọ nǹkan kan sọ́tọ̀, ọjà ni kẹ́ ẹ yọ.

Ẹ má jẹ́ kí àríyànjiyàn náà pẹ́. Ẹ fi poll, ìyẹn ìbò orí WhatsApp, sí i, ó ń gba ìdáhùn tó 12, àmọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Àwọn àgbà tí ò mọ̀ ọ́n tẹ̀, ẹ pè wọ́n, torí ẹni tẹ́ ò bi ló máa kọ́kọ́ rú òfin yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ pin ín sókè fún ọgbọ̀n ọjọ́, ibẹ̀ gba mẹ́sẹ́jì 3, kẹ́ ẹ sì fi àpẹẹrẹ kan sí i:

*PAJAWIRI* Wáyà já níwájú mọ́ṣáláṣí. Ẹ má gbabẹ̀. Mo ti pe àwọn oníná. 7:10 àárọ̀.

Ìràwọ̀ méjì yẹn ló ń jẹ́ kó dúdú kirimú. Fóìsì nóòtì ò ṣeé fàmì sí, torí náà kẹ́ ẹ tẹ àmì ọ̀hún ránṣẹ́ ṣáájú ẹ̀.

Tẹ́nì kan bá gbàgbé, ẹ má bá a wí láàárín èrò. Ẹ lọ bá a ní kọ̀rọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa fi OWO síwájú mẹ́sẹ́jì yẹn." Ó ṣì lè tún un kọ láàárín ìṣẹ́jú 15. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kí admin kan fi àmì náà fèsì sí i, ó tán.

Tí wọ́n bá sì ti so wáyà padà, ẹni tó kọ ọ́ ni kó fèsì sí mẹ́sẹ́jì ara ẹ̀ pé TI PARI, káwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́ má baà máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn lásán.