Bí a ṣe ń dúró de ìdájọ́ Amẹ́ríkà láti Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kóra jọ gbọ́ ìdájọ́ ọlọ́pàá tó pànìyàn, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Láti àárín oṣù kẹta títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, wákàtí 6 ni Àjàṣẹ́ fi ṣáájú Minneapolis ní Amẹ́ríkà. Nígbà òtútù wọn, ó di 7. Ìdájọ́ Derek Chauvin, ọlọ́pàá ibẹ̀ tó pa George Floyd, jáde lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́hùn-ún, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2021: aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù nílé. Ẹ ki iná sí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ gbé rédíò alábátìrì sí tòsí. Iná kì í dágbére kó tó lọ.

“Júrì ti parí” tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp kì í ṣe “ó jẹ̀bi”. Júrì ni àwọn ará ìlú 12 tó ń pinnu bóyá ẹni tí a fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi, àwọn 12 náà sì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá kọ̀ jálẹ̀, ẹjọ́ fọ́, wọ́n sì lè tún un gbé dìde. Ìyẹn kì í ṣe ìdásílẹ̀ o.

Ẹ̀sùn Chauvin jẹ́ 3. Ẹ kọ wọ́n sórí bébà, kí ẹ máa fàmì sí i bí adájọ́ ti ń kà á. Ẹni tó bá ti hó yèè lórí ìkíní kò ní gbọ́ ìkejì.

Iye ọdún ẹ̀wọ̀n kì í sábà jáde lọ́jọ́ náà. Oṣù kẹfà ni ti Chauvin tó dé: ọdún 22 àti oṣù 6.