Meta-analysis nínú sàíkọ́lọ́jì: ẹ ṣọ́ nọ́ńbà kó tó wọ kọ̀ǹpútà

Meta-analysis ni kíkó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ìbéèrè kan náà pọ̀ láti ṣírò èsì kan. Ẹ kọ́kọ́ la ìbéèrè yín dáadáa. “Ṣé CBT (ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ tó ń tún èrò àti ìṣe ṣe) ń wo depression (ìsoríkọ́)?” ti fẹ̀ jù. Èyí ló ṣeé ṣe: ṣé CBT tí a ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń dín depression kù ju ti àwọn tó ṣì ń dúró de ìtọ́jú lọ? Ẹ kọ irú ìwádìí tí ẹ máa gbà àtèyí tí ẹ máa kọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ètò náà sí PROSPERO tàbí OSF (ibi tí a ti ń forúkọ ètò ìwádìí sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwárí. Ẹni tó bá ń ṣòfin lẹ́yìn tó ti rí èsì, èsì tó wù ú náà ló máa rí.

Inú PsycINFO, PubMed àti Scopus, àwọn àkójọ ìwé ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni ẹ ó ti wá ìwádìí. Ọ̀rọ̀ tó jọra, OR ló ń so wọ́n pọ̀. Kókó tó yàtọ̀ síra, AND ni. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́, PRISMA 2020 (ìlànà bí a ṣe ń kọ ìròyìn irú iṣẹ́ yìí) máa béèrè rẹ̀. Èèyàn méjì ni kó yẹ ìwé wò, kálukú lọ́tọ̀.

Ẹ má fo tíísìsì àti iṣẹ́ tí kò tíì jáde, torí iṣẹ́ tó rí èsì ńlá ló sábà máa ń jáde. Ní 2010, meta-analysis kan kó àyẹ̀wò 198 jọ lórí èrò pé bí èèyàn bá ti kó ara rẹ̀ níjàánu lẹ́ẹ̀kan, agbára àtitún-un-ṣe máa ń dín kù. D, ìyẹn bí ìyàtọ̀ àárín ẹgbẹ́ méjì ṣe tóbi tó, jẹ́ 0.62. Ní 2016, yàrá ìwádìí 23 ṣe irú àyẹ̀wò kan náà lára èèyàn tó lé ní 2,000. D já sí 0.04.

Ibi tí nǹkan ti sábà ń bàjẹ́ jù ni ìgbà tí a bá ń ṣa nọ́ńbà jáde. Ká ní ẹgbẹ́ méjì ni, èèyàn 25 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mean (ìpíndọ́gba) wọn fi máàkì 3 jura lọ, tábìlì sì kọ ±1.2 síwájú mean kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá pè é ní SD (bí máàkì àwọn èèyàn ṣe fọ́n ká tó), d, ìyẹn 3 tí a fi SD pín, di 2.5, iṣẹ́ ìyanu nìyẹn. Ẹ wo àkọlé kékeré abẹ́ tábìlì: SE ni (bí mean fúnra rẹ̀ ṣe lè yẹ̀ tó). Ẹ fi gbòǹgbò onílọ́po méjì 25, ìyẹn 5, sọ ọ́ di púpọ̀. SD di 6, d sì di 0.5. Àtúnṣe Hedges, tó ń dín d kù díẹ̀ nítorí ẹgbẹ́ kékeré, 1 − 3/(4 × 48 − 1), jẹ́ 0.984 (48 ni èèyàn 50 tí a yọ 2 kúrò nínú rẹ̀), nítorí náà g, ìyẹn d tí a ti tún ṣe, jẹ́ 0.49. D èyíkéyìí tó bá ti kọjá 2, ẹ padà sídìí tábìlì.

Ẹ wo ibi tí ìwọ̀n kọjú sí pẹ̀lú. Máàkì gíga lórí BDI (ìwé ìbéèrè nípa ìsoríkọ́), ara ò yá ni. Lórí WHO-5 (ìwé ìbéèrè nípa àlàáfíà ọkàn), ara ti ń yá ni. Ẹ yí àmì ọ̀kan padà. Bí ìtọ́jú méjì bá sì ń lo ẹgbẹ́ àfiwé kan ṣoṣo tó ní èèyàn 40, ẹ pín in sí 20 àti 20, kí a má baà ka èèyàn kan lẹ́ẹ̀mejì.

Metafor, àkójọ irinṣẹ́ nínú R (ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò), máa ṣe ìyókù. Random-effects (ọ̀nà ìṣirò tó gbà pé ipa gidi lè yàtọ̀ láti ìwádìí kan sí èkejì) ni kí ẹ lò, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ìtọ́jú ibí yàtọ̀ sí tọ̀hún. I² (ìpín ìyàtọ̀ àárín èsì tí kì í ṣe èèṣì) nìkan kò tó; ẹ fi prediction interval síbẹ̀, òun ló ń sọ ibi tí èsì ìwádìí tuntun lè bọ́ sí. Ìdánwò Egger, tó ń wá àmì pé àwọn iṣẹ́ kan kò jáde, ńkọ́? Bí ìwádìí yín kò bá tó 10, ẹ fi sílẹ̀, agbára rẹ̀ kò gbé e.