Káàdì wà lọ́wọ́, orúkọ kò sí nínú ìwé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí mo ti bá àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò jókòó nídìí tábìlì ìdìbò ní 2023 ni àwọn ará àdúgbò ti ń bi mí ní irú ìbéèrè wọ̀nyí. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè: Ìbàdàn ni mo ti forúkọ sílẹ̀ nígbà tí mo wà ní yunifásítì, Ìkòròdú ni mo ń gbé báyìí. Káàdì ìdìbò alálòpẹ́ mi wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò lè dìbò níbi tó sún mọ́ ilé mi ni?

Ìdáhùn: O ò lè dìbò níbẹ̀, àbúrò, àyàfi tí o bá kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ kúrò ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí káàdì bá ti wà lọ́wọ́, ó parí. Káàdì kàn ń tọ́ka sí ibi tí orúkọ wà ni. Ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé orúkọ tirẹ̀, fọ́tò olúkúlùkù sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ BVAS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò, tí wọ́n bá gbé wá síbẹ̀, àwọn tó wà nínú ìwé yẹn nìkan ló mọ̀. Ibùdó 176,846 ló wà ní Nàìjíríà nígbà ìdìbò 2023, ẹyọ kan péré nínú wọn ló sì ní orúkọ rẹ.

Wo ara káàdì rẹ, wàá rí nọ́ńbà kan tí wọ́n pín sí mẹ́rin. Èkíní ni ìpínlẹ̀: 30 ni Ọ̀yọ́, 24 ni Èkó, 27 ni Ògùn. Èkejì ni ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀kẹta ni wọ́ọ̀dù, ẹ̀kẹrin ni ibùdó ìdìbò fúnra rẹ̀. Bí tìrẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 30, kò sí ibi tí wọ́n ti máa rí ọ ní Ìkòròdú.

Obìnrin kan wá sí tábìlì wa lọ́jọ́ náà, ó pọn ọmọ, ó sì ti wà lórí ìlà láti aago méje àárọ̀. Káàdì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la yẹ ìwé wò, a ò rí i. Bó ṣe wá ló ṣe padà relé láìdìbò. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni ì bá ti yanjú rẹ̀.

Nítorí náà, lọ sí ọ́fíìsì INEC, àjọ elétò ìdìbò, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ò ń gbé báyìí, tàbí kí o gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, kí o ní o fẹ́ gbé orúkọ rẹ wá sí Ìkòròdú. “Transfer” ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Má dúró di ìgbà tí fọ́tò àwọn olóṣèlú bá kún ojú títì. Ìdìbò ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023 la fẹ́ dì nígbà náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 31 oṣù Keje 2022 ni wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pa.

Ìbéèrè: Káàdì mi sọnù nínú dáńfó. Ẹnìkan ní kí n kúkú lọ forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun, pé ìyẹn ló yá jù.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Káàdì ló sọnù, orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé. Ẹ lọ sọ fún wọn pé ó sọnù, kí wọ́n tẹ òmíràn fún yín. Bí ẹ bá tún lọ tẹ̀ka, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ABIS yóò fi ìka àti ojú yín wé ti àwọn tó ti wà nílẹ̀. Láàárín oṣù Kẹfà 2021 sí oṣù Keje 2022, èèyàn 12,298,944 ló parí ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n yọ 2,780,756 nínú wọn. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé náà wà níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe màgòmágó. Irú ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín yìí ló kó bá àwọn mìíràn. Òfin sì ka ìforúkọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ Taye síbi tó yẹ kí wọ́n kọ Taiwo.

Ìdáhùn: Ọ́fíìsì kan náà ni. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ìbéèrè: Aláró ni màmá mi. Ìka wọn ti dán, ẹ̀rọ kì í gbà á.

Ìdáhùn: Bí ìka bá kọ̀, ojú ni BVAS máa wò. Kí màmá ti gèlè sẹ́yìn kúrò níwájú orí, kí wọ́n yọ awò ojú, kí wọ́n sì kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ bá wọn mójú tó o dáadáa, nítorí bí ìka àti ojú bá jọ kọ̀, ìlànà 2023 kò gbà kí wọ́n dìbò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dúró pẹ́ lórí ìlà: àwọn àgbà, aboyún àti àwọn tó ní ìpèníjà ara ni wọ́n máa ń pè ṣíwájú.

Ìbéèrè: Bàbá wa ti jáde láyé, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ síta. Ṣé kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ má fi sílẹ̀. Ó ṣòro kí INEC mọ̀ pé ẹnìkan ti kú bí kò bá sí ẹni tó sọ fún wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ orúkọ síta kí ìdìbò tó dé. Láti ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 2022, wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní wọ́ọ̀dù 8,809 àti ìjọba ìbílẹ̀ 774. Ará ìlú lè sọ pé orúkọ kan kò yẹ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ti olóògbé, ti ọmọdé tàbí ti ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ tí kò rí orúkọ ara rẹ̀ náà lè sọ.

Mo mọ̀ pé ó lè dà bí ẹni pé ẹ tún ń sin bàbá lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n orúkọ olóògbé tó wà nílẹ̀ ni ẹlòmíràn lè fẹ́ lò. Orúkọ 53,264 ni àwọn ará ìlú tako nígbà náà. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n yọ wọ́n, ó sì ku 93,469,008. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì bàbá dání bí ó bá ṣì wà nílé, kí ẹ lè fi nọ́ńbà rẹ̀ wá orúkọ wọn kíákíá.