Bí Mo Ṣe Mú Màmi Láti Òṣogbo Dé Etí Òkun Lákòókò Òjò

Aláró ni mí ní Òṣogbo. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé oṣù kẹfà ọdún kì í ṣe tiwa. Òjò á rọ̀ láàárọ̀, á tún rọ̀ lálẹ́. Ẹ̀kọ tí a fi ya àdìrẹ kò ní í gbẹ dáadáa kí a tó ri aṣọ sínú aró, èyí tí a sì ti rẹ tán á wà lórí okùn títí á fi máa rùn. Tó bá wá di oṣù kẹjọ, ọdún Ọ̀ṣun ti dé nìyẹn, àlejò á kún ìlú, mi ò ní í ráyè jókòó. Oṣù kejìlá ńkọ́? Gbogbo ayé ló ń rìnrìn àjò nígbà náà, ọ̀nà á dí, owó ilé ìtura á fò sókè. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹfà nígbà tí mo pinnu láti mú Màmi lọ rí òkun.

Ọmọ ọdún 71 ni wọ́n. Wọ́n ti ta èlùbọ́ dé Ìbàdàn, wọ́n ti sùn l'Ékòó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n Agége ni ẹ̀gbọ́n wọn ń gbé, kò sì sẹ́ni tó mú wọn dé etí omi. Wọn ò fi ráhùn rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí nídìí tẹlifíṣọ̀n pé, "Àṣàkẹ́, ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn kì í rí òdìkejì rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Àgbádárìgì ni mo mú, torí pé níbẹ̀, èèyàn lè wakọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà lọ, kó sì wọ ọkọ̀ ojú omi dé erékùṣù Gbẹ́rẹ̀fú, níbi tí òkun gan-an wà. Àwọn tí mo sọ fún ní kí n má dán an wò. Wọ́n ní òkun máa ń ru lákòókò òjò, wọ́n ní ọ̀nà náà ò dáa. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n orúnkún Màmi ti ń dùn wọ́n, mi ò sì fẹ́ kó di ọjọ́ tí ọ̀nà á dáa ṣùgbọ́n tí wọn ò ní í lè rìn ín.

Ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ mójú tó. Corolla tí mo fi ń kó aṣọ lọ sọ́jà ni. Mẹkáníìkì mi pààrọ̀ wáípà méjèèjì, ó yẹ bíréèkì wò, mo sì ra táyà tuntun méjì sí ẹsẹ̀ iwájú, torí táyà tó ti jẹ kì í di ilẹ̀ mú lórí ọ̀dà tó lómi. Mo kó owó sọ́wọ́, mi ò gbára lé POS. Mo di fóònù méjèèjì sínú ọ̀rá, mo mú tọ́ọ̀ṣì, agbòjò, àti bàtà tí kì í yọ̀ fún Màmi. Mo pe ilé ìtura kan níbẹ̀, mo sì dúnàádúrà. Wọ́n yọ díẹ̀ fún mi kíákíá, nítorí kò sí oníbàárà.

Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí la gbéra. Ìrìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kìlómítà. A gba Gbọ̀ngán já sí Ìkirè, ibẹ̀ sì ni Màmi ti ní kí n dúró kí wọ́n ra dòdò Ìkirè, dúdú kirimù, tó ta lẹ́nu bí ẹni jẹ ata. Nígbà tí a dé Aṣéjíire, mo rọra wakọ̀ lórí afárá. Odò Ọ̀ṣun náà ni wọ́n sé níbẹ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn ń mu. Onígbàgbọ́ paraku ni Màmi, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí s'Óṣogbo ò ní í kọjá lórí omi yẹn kó má yọjú wò ó. "Omi ẹ̀yìnkùlé wa rèé," ni wọ́n sọ. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń lọ, á wọ ọ̀sà Lẹ́kìí, ọ̀sà á gbé e dé òkun." Wọ́n yíjú padà wò ó títí afárá fi tán.

Òjò pàdé wa lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, ó sì fún wa ní tiwa. Mo sá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tan iná ẹ̀yìn, mo dúró bí ogún ìṣẹ́jú. Mo gba ẹni tó bá fẹ́ rìn nígbà òjò nímọ̀ràn pé kó ti ka irú ìdúró bẹ́ẹ̀ mọ́ wákàtí ìrìn rẹ̀ láti ilé, kó má baà máa sáré nígbà tí kò rí iwájú.

Ní Mile 2, Màmi rí ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré lókè láàárín títì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Marina ní 2023. Inú wọn dùn bí ọmọdé. Lẹ́yìn Òkokomáíkò ni iṣẹ́ wá dé. Kòtò ò bani lẹ́rù tí a bá ń rí i. Èyí tí omi bò mọ́lẹ̀ ni ewu. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wá ọkọ̀ akérò kan tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BDG, mo ní ọmọ Àgbádárìgì lèyí, ó mọ kòtò ilé e rẹ̀. Ibi tí táyà rẹ̀ bá gbà ni táyà mi gbà. Bí ó bá ya, mo ya. Bí ó bá dúró, mo dúró. A ṣe bẹ́ẹ̀ kọjá Àgbárá, láìjìn sí kòtò kankan.

Ọ̀nà yìí kan náà ló lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, nítorí náà ìdúró ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè pọ̀ lórí rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ àti láísẹ́ẹ̀nsì mi wà lórí itan mi, bí wọ́n bá ti nawọ́ ni mo ń fi hàn. Kò pẹ́ tí igi àgbọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ọ̀tún lósì. Atẹ́gùn yí padà, ó wúwo, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lára. Nígbà tí a dúró ra omi, Èdè Ègùn ni àwọn ọlọ́jà ń sọ láàárín ara wọn, wọ́n sì fi Yorùbá kí Màmi pẹ̀lú ìkúnlẹ̀.

Nǹkan bí aago kan ọ̀sán la dé èbúté. Ọkọ̀ ojú omi tò síbẹ̀, kò sí èrò. Mo rò pé ọlọ́kọ̀ á kí wa káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀. Ọkùnrin náà wo ojú ọ̀run lápá òkun, ó ti ṣú dúdú, ó wo ẹsẹ̀ Màmi, ó sì mi orí. "Màmá, ẹ má bínú. Mi ò tíì rówó kankan látàárọ̀, ṣùgbọ́n òjò yìí á ká wa mọ́ àárín omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá láago mẹ́jọ ọ̀la. Òwúrọ̀ ni omi máa ń rọ̀." Màmi ní, "Ọlọ́run á pèsè fún ẹ, ọmọ mi. O ṣeun." Ìṣẹ́jú márùnlélógún lẹ́yìn náà, òjò ọ̀hún dé, a ò sì rí òdìkejì ọ̀sà mọ́. Mo ṣì ń gbàdúrà fún ọkùnrin yẹn. Ẹni tí ebi ń pa tó sì kọ owó nítorí ẹ̀mí ẹlòmíì, èèyàn gidi ni.

Ọ̀sán tó ṣẹ́ kù yẹn la fi lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845. Àwa nìkan la wà níbẹ̀, nítorí náà afinimọ̀nà ò kánjú. Ó fi yàrá tí wọ́n ní Ajayi Crowther gbé hàn wá. Bíbélì Yorùbá tí Màmi ń kà ní gbogbo òwúrọ̀ wà nínú báàgì wọn lọ́wọ́lọ́wọ́, èèpo rẹ̀ ti ya. Wọ́n mọ̀ pé òun ló ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ìtàn ọmọdé rẹ̀: pé ní 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn, tí wọ́n tà á títí ó fi dé ọwọ́ àwọn Potogí l'Ékòó, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Afinimọ̀nà ní ọdún 1846 ló tó fojú kan ìyá rẹ̀ padà, ní Abẹ́òkúta.

Màmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n." Wọ́n wá ibì kan jókòó. "Ìyá yẹn ń jẹun? Ó ń sùn?" Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lóhùn. Tó bá jẹ́ oṣù kejìlá ni, tí èrò tò sẹ́yìn wa, wọn ì bá ti ní ká máa lọ.

Ilé ìtura náà kò mú àdéhùn ṣẹ. Wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù pé iná á wà mọ́jú, aago mẹ́wàá ni wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, nítorí àwa nìkan la sùn síbẹ̀. Ó bí mi nínú, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ wa fúnra rẹ̀ so jákẹ́ẹ̀tì mọ́ Màmi láyà, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì. Òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dì wọ́n mú ní apá méjèèjì sọ̀kalẹ̀. Ọ̀sà tẹ́jú bí abọ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a fi gúnlẹ̀ sí Gbẹ́rẹ̀fú.

Lórí iyanrìn la rìn já láàárín igi àgbọn, díẹ̀díẹ̀, à ń dúró fún orúnkún Màmi. Ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà. A dé ibi kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún wọn mu nínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Mo dúró níbẹ̀, mo ronú kan Ogun Òṣogbo, ti nǹkan bí 1840, tí a máa ń fi yangàn nílé pé a ṣẹ́gun. Àwọn tí wọ́n dè lójú ogun bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ wa àti lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlọrin tí a bá jà, ọ̀nà wo ni wọ́n gbé wọn gbà? Wọn ò kọ́ wa níyẹn nílé ìwé. Màmi ò bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n kàn tú ìgò omi tí wọ́n gbé dání, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n sì da díẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

A gbọ́ òkun kí a tó rí i. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń da yangí láti inú típà, kò sì dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni igi àgbọn tán, òpó méjì tí wọ́n fi ṣe àmì Àlọ Àìpadàbọ̀ yọ, omi sì ṣí sílẹ̀ níwájú wa.

Mo ti ń retí àwọ̀ aró, nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí nínú fọ́tò. Kò rí bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹfà. Àwọ̀ omi eérú ló ní, èyí tó ń kán láti inú ìkòkò tí a dá lu nídìí, kí a tó fi èlú sí i: kì í ṣe funfun, kì í ṣe pupa, ó jọ pé ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ìgbì á gbé ara sókè, orí rẹ̀ á fọ́ sí fóòmù, á wó lulẹ̀, á sì fa iyanrìn padà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Ìfàsẹ́yìn yẹn lágbára. Ọlọ́kọ̀ ti kìlọ̀ pé ká má wọ omi rárá lákòókò yìí, a ò sì wọ̀ ọ́. Ibi tí fóòmù dé gbẹ̀yìn ni mo mú Màmi dúró sí.

Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tìnìratìnìra, wọ́n ti ìka bọ fóòmù, wọ́n fi kan ahọ́n. "Iyọ̀ ni lóòótọ́." Wọ́n tún wo iwájú. "Àṣàkẹ́, kò ní òdìkejì."

Ọlọ́kọ̀ gé àgbọn tútù fún wa kí a tó wọ ọkọ̀ padà, a sì tún ra mẹ́fà ní èbúté fún àwọn ará ilé. Aago mọ́kànlá la yí orí ọkọ̀ sílé. Òjò ò rọ̀ títí a fi wọ Ìbàdàn, Màmi sì sùn láti Ìkirè lọ, bàtà tí iyanrìn kún inú rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ wọn.

Alẹ́ ti lẹ́ nígbà tí a dé Òṣogbo. Aládùúgbò mi ti bá mi kó aṣọ tí mo sá wọlé, ó tò wọ́n sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò tíì gbẹ.